Àìsàn Tí Kò Fẹ́ Ebi

Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje, 1983

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú iṣẹ́ aró, ẹ kú oòrùn Ìtòkú, ẹ kú ààwẹ̀ tó ń parí lọ. Bàámi ńkọ́? Mọ́níkẹ́ àbúrò mi ńkọ́? Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, ara mi ti yá. Mo ní ó “ti yá” nítorí pé kò yá tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí wọ́n tó ka ìyókù fún yín.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ìmọ̀ aṣọ tí mo wá kọ́, mo tún ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Ìdì aṣọ ni mò ń gbé láti ìdí ẹ̀rọ lọ sínú ọkọ̀. Ààwẹ̀ ọdún yìí wá bọ́ sí àkókò tí oòrùn ibí kì í fẹ́ wọ̀. Màámi, aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀ ni a máa ń ṣínu, kí oúnjẹ tó dà, ilẹ̀ ti tún mọ́. Mo gba méjìlá pé pérépéré. Ní ọjọ́ kẹtàlá, itan mi méjèèjì le bí igi, mo ṣubú sáàárín ìdì aṣọ, n kò sì lè dìde. Nígbà tí mo tọ̀, ìtọ̀ náà dúdú bíi tíì tí wọn kò da mílíìkì sí. Harriet, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀. Omi ni wọ́n ń fà sí mi lára tọ̀sán-tòru. Dókítà ní irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ lásán, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn gé ẹran díẹ̀ lára itan mi kí àwọn fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Mo gbà fún un, ojú ọgbẹ́ náà sì ti jiná. Nítorí náà, ẹ má fòyà rárá.

Mo gbọ́ pé ẹnì kan láti Odeda ń wá Mọ́níkẹ́ wá sílé. Inú mi dùn. Ẹ sọ fún un pé kó má tíì máa gbéra ga.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúbọ̀dé


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, 1983

Olúbọ̀dé Àjàní, ọmọ mi,

Mo kí ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe tinútinú. Ẹran itan ẹ dà?

O ní kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ẹ̀wà wo? Ṣé ẹ̀wà funfun ni àbí ẹ̀wà olóyin? Ta ló ń tọ́jú ẹran náà? Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, ibo ni wọ́n ń sọ ọ́ sí? Odidi ọmọ ni mo bí, odidi ọmọ ni mo sìn dé pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Mi ò rán ẹ lọ sílùú òyìnbó kí wọ́n máa bù ọ́ bí ẹran ọdún. Sọ fún wọn pé ìyá ẹ ní kí wọ́n dá èyí tó bá kù padà.

Ó tún ku èkejì. Ta ló ní kí o máa gbààwẹ̀ níbi tí oòrùn kì í ti í wọ̀? Bàbá ẹ ní ká ní o gbọ́n ni, ò bá máa fi aago Abẹ́òkúta ṣínu. Mo ní kó yé sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí kò dá a lójú.

Gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì. Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ Mọ́níkẹ́, Sàlàhúdíìnì ni wọ́n ń pè é, olùkọ́ ni ní Odeda, ọmọ dáadáa ni. Ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ìyẹn mọ ìwádìí ṣe! Ó ti wádìí wa lọ́wọ́ Lèmọ́mù, ó ti wádìí wa lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi fún wa, ó tún ti lọ bi ẹni tó gbẹ́ kànga ilé wa bóyá a máa ń jà. Ṣé wèrè wà nílé wa, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà. Ó kọ ọmọ kan ní Ìbarà nítorí pé àbúrò bàbá ìyá ọmọ náà máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó kọ òmíràn nítorí pé wọ́n ní ẹnì kan nílé wọn rẹ́rìn-ín níbi òkú.

Mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́run, títí a ó fi gba ìdána Mọ́níkẹ́, má ṣàìsàn mọ́. Tó bá sì jẹ́ dandan kí o ṣàìsàn, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Mọ́níkẹ́ kọ́ ni mo fún ní lẹ́tà yìí kọ, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Theophilus ni, akọ̀wé tó ń jókòó lọ́wọ́ iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Aké. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. (Èmi Theophilus kí yín o, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé. Ẹ̀wà olóyin ni èmi fọkàn sí.)

Mo fi ewé àgbo gbígbẹ ránṣẹ́. Sè é dáadáa.

Ìyá ẹ,
Asiata


Leeds,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹjọ, 1983

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú òjò. N kò tíì rí èsì yín gbà, ṣùgbọ́n èsì ẹran itan mi ti dé, n kò sì lè pa á mọ́ra.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi, n ó sì gbìyànjú kó yé yín. Ó ní nínú gbogbo ẹran ara èèyàn, àwọn ilé ìdáná kéékèèké wà tí ojú lásán kò lè rí. Iná wọn kì í kú. Igi méjì ni wọ́n fi ń dáná: oúnjẹ tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, àti ọ̀rá tó ti wà nípamọ́ lára. Tí oúnjẹ bá tán, ọ̀rá ló kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rá kò lè dá wọlé. Alábàárù kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbé e wọlé. Ẹ́ńsáìmù ni wọ́n ń pe irú alábàárù bẹ́ẹ̀, eléyìí sì ní orúkọ gígùn kan tí àwọn dókítà fúnra wọn gé kúrú sí CPT. Tèmi ni kò lágbára. Bí mo bá ti jẹun, kò sí wàhálà. Bí ebi bá ń pa mí tí mo tún ń ṣiṣẹ́ agbára, tàbí tí òtútù bá mú mi jù, ọ̀rá á dúró sẹ́nu ọ̀nà, iná á máa kú lọ, ẹran itan fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Èyí tó wó yẹn ló ń bá ìtọ̀ jáde tó fi ń dúdú. Ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè pa èèyàn bí wọn kò bá tètè rí i.

Oògùn rẹ̀ ni kí n má jẹ́ kí ebi pa mí. Ẹ̀kọ, ẹ̀bà, làfún, ìrẹsì, kí n máa jẹ ẹ́ déédéé, kí n dín epo kù, kí n má sì gbààwẹ̀ mọ́.

Màámi, ó ku ohun méjì. Dókítà ní àìsàn yìí kì í ranni, à ń bí i mọ́ni ni. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Bàámi, ìdajì láti ọ̀dọ̀ yín. Ó wá ní kí n bi yín bóyá ẹ̀yin méjèèjì jẹ́ ẹbí kí ẹ tó fẹ́ra yín. Èkejì, ó ní ó ṣeé ṣe kí Mọ́níkẹ́ náà ní in. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í bóyá itan ń dùn ún rí lẹ́yìn iṣẹ́, kó sì má gbààwẹ̀ títí a ó fi mọ̀.

Ọmọ yín,
Olúbọ̀dé


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹsàn-án, 1983

Olúbọ̀dé,

Ṣé o ti jẹun? Tí o kò bá tíì jẹun, lọ jẹun kí o tó ka èyí, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n ní èmi ni mo pa ẹ́.

Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ṣé o mọ ohun tí o ṣe? Ní iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Aké, lójú ọjọ́ ọjà, ni Theophilus ti ka lẹ́tà ẹ fún mi. O sì mọ̀ pé Theophilus kì í ka lẹ́tà, ó máa ń wàásù rẹ̀ ni. Nígbà tó dé “à ń bí i mọ́ni ni,” ńṣe ló dìde dúró. (Mo dìde nítorí àga ń yẹ̀ ni. T.) Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ta ni mo rí tó tò sẹ́yìn mi tó fẹ́ kọ lẹ́tà? Àbúrò ìyá Sàlàhúdíìnì! Kò kọ lẹ́tà mọ́. Ó sáré wọ mọ́tò Odeda.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, ohun tó dé etí wa láti Odeda ni pé alábàárù kan ló kú sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá àgbà ẹ tòun ti ẹrù ọ̀rá lórí, pé ebi ló pa á, pé ó sì ti fi ilé wa gégùn-ún. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ọ̀kankan nínú wa kò fi gbọdọ̀ gbààwẹ̀. Èmi tí mo gba gbogbo ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oyún ẹ!

Ìyẹn ni ti ìta. Ti ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Nígbà tí bàbá ẹ gbọ́ pé dókítà ń béèrè bóyá ẹbí ni wá, ojú ẹ̀ yí padà. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, àǹtí Yéwándé. Ìyẹn dé tòun ti àpótí aṣọ, bí ẹni tó wá kó ogún. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ka ìran sẹ́yìn, wọ́n kà á títí dé ìgbà ogun Òwu. Gbogbo ohun tí wọ́n rí kò ju pé ewúrẹ́ bàbá àgbà mi jẹ èèhù iṣu bàbá àgbà àwọn, tí wọ́n sì jà. Mo ní ṣé ìyẹn ni ẹbí? Àǹtí Yéwándé ní ẹbí ló sábà máa ń jà bẹ́ẹ̀. Látìgbà náà, bàbá ẹ ti gbé ẹní ẹ̀ lọ sí pálọ̀ “títí ìwádìí yóò fi parí.” Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n, Olúbọ̀dé! Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n tí mo ti wà nílé ọkùnrin yìí, òyìnbó kan tí kò mọ ojú mi wá gbé ọkọ mi sùn sí pálọ̀.

Ìyá Sàlàhúdíìnì ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ “sinmi díẹ̀ ná.” Mọ́níkẹ́ kàn ń di àdìrẹ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń dì í.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kọ lẹ́tà míràn. Kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì ńlá, kí dókítà tẹ òǹtẹ̀ lé e. Kó ní àṣìṣe ni, pé ẹran itan ẹlòmíràn ni àwọn yẹ̀ wò. Ẹran hóró ẹ̀wà, ta ni yóò dá a mọ̀? Má bi mí bóyá irọ́ dára. Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ ọmọ mi ló wà nílẹ̀ yìí, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Asiata, ìyá ẹ, tí inú ń bí


Leeds,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá, 1983

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó yàrá mi. Ẹ má bínú. Ká ní mo mọ̀ pé Theophilus á dìde dúró ni, n kì bá tí kọ ọ́.

Ẹ sọ fún Bàámi kí wọ́n padà sí yàrá. Mo padà lọ bi dókítà, ó ní èèyàn méjì tí kò bára tan rárá lè ṣe kòńgẹ́ ara wọn bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdajì kì í ṣe ẹni tó ni ín ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin méjèèjì fi ń gbààwẹ̀ tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi. Ẹ sọ fún àǹtí Yéwándé pé ewúrẹ́ náà kò mọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí ẹ ní kí n kọ yẹn, Màámi, n kò lè kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí Theophilus ka ibí yìí sókè.

Ṣé ẹ rántí ọyẹ́ ọdún tó ṣíwájú ìrìn àjò mi, nígbà tí àwọn oníbàárà Ṣàgámù ń kánjú gba aṣọ wọn? Mọ́níkẹ́ ló ń fi igi lu aṣọ kó lè dán, láti àárọ̀, láìjẹun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní òun kò lè dìde. Ẹ ní ó ń díbọ́n. Ẹ pè é ní ọ̀lẹ, ẹ sì fi pàṣán nà án lórí ìjókòó níbẹ̀. Mo wà ńbẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Èmi náà gbà pé ọ̀lẹ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi rákòrò lọ sí ilé ìwẹ̀. Màámi, nígbà tí mo ṣubú níbí tí wọ́n ń gbé mi lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ bi í pé irú àwọ̀ wo ni ìtọ̀ rẹ̀ máa ń ní nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé nílé aláró, omi dúdú kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ibi tí ẹ ń da aró sí náà la ti ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi í. Ọyẹ́ tún ń bọ̀, iṣẹ́ yóò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kó lu aṣọ láìjẹun. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, kó sì máa mu omi.

Mo ń retí èsì.

Olúbọ̀dé


Leeds,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, 1983

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ méje. Ṣé ẹ rí lẹ́tà mi gbà? Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé.

Olúbọ̀dé


Leeds,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá, 1983

Ọ̀gbẹ́ni Theophilus,

Ẹ kú iṣẹ́. N kò gbúròó ìyá mi láti oṣù Kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ka lẹ́tà mi ti oṣù Kẹwàá fún wọn? Ẹ̀mí ń bẹ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá.

Olúbọ̀dé


Aké, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kìíní, 1984

Sí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, ẹni iyì,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi gbé kálámù mi. Mo sì fẹ́ kó yé yín ní ìbẹ̀rẹ̀ pé láti ọdún méjìlélógún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹnì kan kò tíì lé mi lẹ́nu iṣẹ́ rí, àfi ìyá yín.

Wọ́n ní ohùn mi ti pọ̀ jù. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń gba lẹ́tà yín nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n á dì í mọ́ ìdí ìró, wọ́n á sì kọjá níwájú mi bí ẹni pé igi ni mí. N kò gbọ́ pé wọ́n fún ẹnikẹ́ni kà. Obìnrin kan tó bá wọn ta àdìrẹ ní Ìtòkú sọ pé wọn kò tíì já ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n ní lẹ́tà yín méjì tí àwọn já, ọ̀kan mú itan lọ, èkejì mú ọkọ lọ, àwọn kò mọ ohun tí ẹ̀kẹta yóò mú.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé àga mi yẹn ń yẹ̀ lóòótọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Theophilus, Akọ̀wé


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kìíní, 1984

Bùọ̀dá mi,

Èmi Mọ́níkẹ́ ni. Ẹ má bẹ̀rù, mo wà láàyè, mo sì ti jẹun. Mo jẹ làfún méjì láàárọ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni, Bùọ̀dá. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ìtọ̀ mi máa ń dúdú. Mo rò pé aró ló ń gba awọ ara wọ inú mi ni, mo sì rò pé gbogbo ọmọ aláró ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ta ni n bá bi?

Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù yìí, ọyẹ́ le. Iṣẹ́ dé, mo sì ń lu aṣọ láti ìdájí nítorí pé mi ò fẹ́ kí Màmá tún ní ọ̀lẹ ni mí, pàápàá bí àwọn ará Odeda ti ń sinmi lórí wa. N kò jẹun. Ní ọ̀sán, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró. Mi ò lè gbé ẹsẹ̀, mi ò lè gbé apá. Màmá dúró lé mi lórí. Mo ń retí pàṣán. Ńṣe ni wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n kó lẹ́tà yín jáde, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ní, “Ka èyí fún mi.”

Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí náà ni mo ti kà á, Bùọ̀dá. Mo kà á dé ibi tí ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ pàṣán, mo fẹ́ fò ó. Màmá ní, “O fo nǹkan.” Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú mi. Mo kà á fún wọn. Wọ́n kígbe pe Bàbá ní pálọ̀, àwọn méjèèjì gbé mi wọ mọ́tò. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò ní ọsibítù, dókítà ibẹ̀ ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ẹ ṣeun.

Nígbà tí mo dé ilé, Màmá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi náà ní in. Wọ́n ní kí a dúró di ẹ̀yìn ìdána. Bùọ̀dá, mo rò ó. Tí mo bá fi pa mọ́ wọlé ọkọ, oṣù Ràmádánì á dé, n ó gbààwẹ̀, n ó sì máa ro ẹ̀gẹ́ lóko wọn. Wọn yóò gbé mi padà wálé nínú aṣọ funfun. Mo bá dá wọ mọ́tò Odeda, mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Mo bá ìyá Sàlàhúdíìnì níbi tó ń sá làfún sórí àpáta. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, “Ṣé ó ń pa ni?”

Mo ní, “Tí ebi bá pa mí pọ̀ mọ́ iṣẹ́, Mà.”

“Kí ni oògùn ẹ̀?”

“Oúnjẹ ni, Mà.”

“Irú oúnjẹ wo?”

Mo wo àpáta náà lọ súà. Mo ní, “Bùọ̀dá mi ní dókítà ní làfún dára, Mà.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ọwọ́ ẹ̀. Ó ní, “Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wádìí ìyàwó fún ọmọ yìí. Ilé mẹ́jọ ni mo dé. Gbogbo wọn ni ara wọ́n le! Kò sí aláìsàn, kò sí olè, kò sí wèrè. Mo wá ń rò ó pé ibo ni gbogbo wèrè tí mò ń rí lọ́jà ti ń wá.” Ó tún wò mí. “Kò sí ẹni tó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ tilé ẹ̀ fún mi rí. Ìwọ ni àkọ́kọ́. Ṣé àwọn ọmọ tí o máa bí náà máa ní in?”

Mo ní àfi tí Sàlàhúdíìnì náà bá ní ìdajì rẹ̀ lára. Bùọ̀dá, ẹ ò bá rí ojú obìnrin náà. Ó ní, “Háà! Ó di dandan kí n wádìí ilé tèmi nìyẹn.” Ó ní kí n máa lọ sílé, pé òun ń bọ̀ ní Sátidé. Kò sọ ohun tí òun ń bọ̀ wá sọ. Ó kàn bu ẹ̀bà fún mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ẹ bá mi gbàdúrà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà gidigidi.

Mọ́níkẹ́, àbúrò yín


Òwu, Abẹ́òkúta,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, 1984

Olúbọ̀dé Àjàní, ọmọ mi,

Ara ẹ ńkọ́? Òtútù ńkọ́? Ṣé o ń jẹun? Mọ́níkẹ́ ló ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò fẹ́ akọ̀wé tó máa ń dìde dúró mọ́.

Jẹ́ kí n yára sọ ti Odeda, kí o lè fọkàn balẹ̀. Ìyá Sàlàhúdíìnì wá ní Sátidé yẹn bó ṣe ṣèlérí. Ó jókòó, kò mu omi, ó ní ìwádìí ilé òun ti parí. Ó ní òun rí wèrè méjì, olè kan, àti ọkùnrin kan tó sá lógun tó sì lọ fara pa mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyàwó ẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ilé òun kún tó báyìí. Ó wá bi wá bóyá àwa ṣì fẹ́ òun. Bàbá ẹ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ti wá ṣe ìdána. Àpò làfún méje ló wà nínú ẹrù ìdána, mi ò tíì rí irú ẹ̀ rí ní Ẹ̀gbá. Yìgì yóò wáyé ní Sátidé tó ń bọ̀.

Lèmọ́mù Òwu ní ẹni tó bá ń ṣàìsàn báyìí kò ní gbààwẹ̀, tálákà kan ni yóò máa bọ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà, fún ìwọ àti àbúrò ẹ, èmi àti bàbá ẹ yóò máa bọ́ èèyàn méjì lójúmọ́ láti ọjọ́ kìíní Ràmádánì dé ìparí.

Bàbá ẹ ti padà sí yàrá. Ó ní ẹ̀fọn ló pọ̀ ní pálọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àbúrò ẹ ni, ìwọ ni mo sì ń sọ ọ́ fún, nítorí àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Kọ ọ́ sílẹ̀, Mọ́níkẹ́. Kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé ọmọ mi kì í ṣe ọ̀lẹ. (Màmá, ẹ jẹ́ kó tó báyìí. M.) Mo ní kọ ọ́. Kọ ọ́ pé ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń pe aláìsàn ní ọ̀lẹ níwájú àwọn oníbàárà mi. Kọ ọ́ pé èmi Asiata fi pàṣán na ọmọ mi nítorí ohun tí èmi fúnra mi fi fún un nínú oyún. Kò sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì ní ó lórí kunkun. Kọ ọ́ pé ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé tí mo bá rí igi tí a fi ń lu aṣọ, mi ò lè wò ó. Kọ ọ́ pé kó darí jì mí kó tó lọ sílé ọkọ, kó má gbé e lọ sí Odeda.

(Bùọ̀dá, mo ti kọ ọ́. Wọ́n ń sunkún. M.)

Mo ní kó ka gbogbo ẹ̀ padà fún mi, kí n gbọ́ bóyá ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀, ó di ìwé náà mú, kò tíì lè kà á.

Ìyá yín,
Asiata